Bí a ṣe tọ́jú iṣan ọkàn ọmọ mi tó fẹ̀

Ibà náà pé ọjọ́ karùn-ún, oògùn kò ràn án. Ojú ọmọ náà méjèèjì pọ́n láìsí ìpín, ètè rẹ̀ sán, ahọ́n rẹ̀ pọ́n yàtọ̀, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Ní ti ara tó sú, ẹ má retí pé yóò pọ́n lára ọmọ aláwọ̀ dúdú bíi ti àwòrán orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọwọ́ ni mo fi mọ̀ ọ́n: àyà rẹ̀ rí ṣákiṣàki.

Dókítà ọmọdé wa ní Houston níbí dárúkọ àrùn Kawasaki, èyí tí Tomisaku Kawasaki, dókítà ará Japan, kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1967. Kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan tó ń fi í hàn. Àmì ni wọ́n ń kó jọ. Ibà kọ́ ló ń bà wọ́n lẹ́rù. Iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ fún ọkàn fúnra rẹ̀ ni àrùn náà ń bá jà, ògiri rẹ̀ á rọ̀, á sì fẹ̀. Láìsí ìtọ́jú, nǹkan bí ọmọ kan nínú mẹ́rin ló ń rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ́kò, ìyẹn àwòrán ọkàn tí wọ́n ń fi ìró yà, fi hàn pé ẹ̀ka kan nínú iṣan apá òsì ti fẹ̀. Wọn kì í fi mìlímítà nìkan dájọ́. Wọ́n ń fi wé ti àwọn ọmọ tí ara wọn tó tirẹ̀, ìyẹn z-score. Láti 2.5 lọ ni wọ́n ti ń kà á sí wíwú. Tiwa jẹ́ 3.1. Tó bá fi dé 10, ẹ̀rù ẹ̀jẹ̀ dídì ló kù.

Alẹ́ yẹn náà ni wọ́n fa IVIG sí i lára, ìyẹn èròjà tó ń gbógun ti àrùn tí wọ́n yọ láti inú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ, gíráàmù 2 fún kílò kan, díẹ̀díẹ̀ fún bíi wákàtí 12. Kí ibà tó pé ọjọ́ 10 ló ti ń ṣiṣẹ́ jù.

Iṣẹ́ wá kù sílé. Ìdajì ásípírìn mìlígíráàmù 81 lójúmọ́ fún ọmọ kílò 13, kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì, mo ń lọ̀ ọ́ mọ́ yọ́gọ́ọ̀tì. Ìyá ọkọ mi pè láti Abẹ́òkúta, wọ́n ní kí ló dé tí mò ń fún ọmọdé ní oògùn àgbà. Wọn ò jẹ̀bi. Ásípírìn àti flu lára ọmọdé lè fa àrùn Reye, tó ń ba ẹ̀dọ̀ àti ọpọlọ jẹ́. Ìdí nìyẹn tí gbogbo ilé fi gba abẹ́rẹ́ flu. Mo kó ibuprofen kúrò nílé, torí ó ń dí ásípírìn lọ́wọ́. Abẹ́rẹ́ èèyi ní láti dúró fún oṣù 11, kí IVIG má baà pa agbára rẹ̀.

Nígbà tí z-score padà sí 1.8, wọ́n dá ásípírìn dúró. Àyẹ̀wò kò tíì tán, torí ògiri tó ti wú rí kì í rí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Mo gba lẹ́tà tí gbogbo ìwọ̀n náà wà nínú rẹ̀, mo sì ti fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí Abẹ́òkúta kí a tó gbé ọmọ lọ sílé fún ọdún Kérésìmesì.