Bí Oníṣẹ́ Ọwọ́ ní Ìlú Ọ̀yọ́ Ṣe Lè Fi WhatsApp àti Facebook Polówó Ọjà Rẹ̀

Ìlú Ọ̀yọ́ kò ṣe aláìní iṣẹ́ ọwọ́ tí ó dára. Igbá fínfín, tìmùtìmù, àpò awọ àti ìlù dùndún tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ ti lókìkí tipẹ́, àwọn àlejò tí ó ń wá sí ààfin a sì máa rà wọ́n lọ sí Ìbàdàn, sí Èkó àti sí òkè òkun. Ohun tí ó ń dá ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́ dúró ni pé ẹni tí ó ra igbá lọ́wọ́ wọn lónìí, tí igbá náà sì wù ú délé, kò mọ bí yóò ṣe tún rí wọn nígbà tí ó bá fẹ́ ra méjìlá sí i fún ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí fóònù ní láti ṣe fún oníṣòwò kékeré ni kí ó má ṣe jẹ́ kí oníbàárà tí ó ti rajà rí sọnù. Wíwá oníbàárà tuntun lójú òpó ayélujára ni ó tẹ̀ lé e.

Ní oṣù Kìíní ọdún 2020, iná jó ọjà Akẹ̀sán ní ìlú Ọ̀yọ́, dúkìá ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ṣòfò kí ìjọba tó tún ọjà náà kọ́. Bí irú àdánwò bẹ́ẹ̀ bá dé bá oníṣòwò, tí ṣọ́ọ̀bù jóná, tí ọjà inú rẹ̀ sì jóná, ẹni tí ó ti kó nọ́ńbà àwọn oníbàárà rẹ̀ pamọ́ sínú fóònù, tí ẹ̀dà rẹ̀ sì wà nínú àkáǹtì Google rẹ̀, lè kọ̀wé sí wọn ní ọjọ́ kejì láti sọ ibi tí ó kó lọ. Ẹni tí ó gbẹ́kẹ̀ lé ojúkò ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nìkan yóò tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

WhatsApp ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, nítorí pé àwọn tí ó mọ̀ yín ti wà níbẹ̀. Ẹ gba WhatsApp Business sórí fóònù yín; ọ̀fẹ́ ni, àwọn oníṣòwò kéékèèké ni wọ́n sì ṣe é fún nígbà tí wọ́n gbé e jáde ní oṣù Kìíní ọdún 2018. Nọ́ńbà kan ṣoṣo kò lè ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ àti lórí WhatsApp tí gbogbo ènìyàn ń lò lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà ó sàn kí ẹ ya nọ́ńbà kan sọ́tọ̀ fún òwò. Níbi tí ó ní kí ẹ kọ àpèjúwe òwò yín sí, ẹ kọ ohun tí ẹ ń ṣe ní gbólóhùn kan tàbí méjì, kí ẹ kọ ọjọ́ àti wákàtí tí ẹ máa ń ṣí, kí ẹ sì kọ àdírẹ́sì tí àlejò lè tẹ̀ lé. Ẹni tí ó ń bọ̀ láti Èkó kò mọ orúkọ agboolé yín. Ẹ sọ àdúgbò fún un, ẹ sọ ilé epo, mọ́ṣáláṣí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì tí ó súnmọ́ yín, kí ẹ sì sọ ibi tí ó ti lè sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀.

Àyè wà níbẹ̀ fún ìkíni tí yóò máa lọ fúnra rẹ̀ sọ́dọ̀ ẹni tí ó bá kọ́kọ́ kọ̀wé sí yín. Ẹ lò ó, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ó dún bí ẹnu ọmọlúàbí: “Ẹ kú ilé o. Ẹ ṣeun tí ẹ kàn sí wa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ irú igbá tí ẹ fẹ́ àti ọjọ́ tí ẹ fẹ́ lò ó, a ó sì dá yín lóhùn láìpẹ́.” Ìbéèrè nípa ọjọ́ yìí ṣe pàtàkì, nítorí pé ó ń jẹ́ kí ẹ mọ ẹni tí ó ń kánjú yàtọ̀ sí ẹni tí ó kàn ń wò kiri. Àyè sì wà láti tò ọjà yín sí orí àtẹ tí oníbàárà lè yẹ̀ wò nígbàkigbà. Àtẹ náà lè gba ọjà 500, ṣùgbọ́n mẹ́wàá tí àwòrán rẹ̀ mọ́, tí ìwọ̀n àti iye owó rẹ̀ sì wà lábẹ́ rẹ̀, yóò ṣe yín ní àǹfààní ju ọgọ́rùn-ún tí kò ní àlàyé lọ.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ oníṣòwò kò mọ̀ nípa Status, ìyẹn ibi tí à ń gbé àwòrán àti fídíò sí lórí WhatsApp kí àwọn tí ó mọ̀ wá lè wò ó, òun ni ó sì ń fà á tí wọ́n fi ń ráhùn pé àwọn ènìyàn kì í wo ohun tí àwọn gbé síbẹ̀. Kí ẹnìkan tó lè rí Status yín, nọ́ńbà rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú fóònù yín, nọ́ńbà tiyín náà sì gbọ́dọ̀ wà nínú fóònù tirẹ̀. Bí ọ̀kan bá yẹ̀ nínú méjèèjì, kò ní rí i. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí pẹ̀lú ìfiránṣẹ́ tí a ń kọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo sí ọ̀pọ̀ ènìyàn, èyí tí orúkọ 256 lè wà nínú rẹ̀: ẹni tí kò bá tí ì tọ́jú nọ́ńbà yín kò ní gbà á. Nítorí náà, kí ẹ tó di igbá tí ènìyàn rà fún un, ẹ bẹ̀ ẹ́ pé, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá wa fi nọ́ńbà yìí pamọ́, kí ẹ sì fi ìkíni kan ránṣẹ́ sí wa, kí ẹ lè máa rí iṣẹ́ tuntun tí a bá parí.” Bí ìkíni náà bá ti wọlé, ẹ tọ́jú nọ́ńbà rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì kọ orúkọ tí yóò rán yín létí ẹni tí ó jẹ́: “Ìyá Ìbejì Bódìjà, igbá mẹ́fà.” Nígbà tí obìnrin náà bá tún kọ̀wé lẹ́yìn ọdún kan, tí ẹ sì bi í léèrè bí igbá mẹ́fà ìjọ́sí ṣe rí, inú rẹ̀ yóò dùn pé ẹ kò gbàgbé òun.

Fún àwọn tí kò sí nítòsí, ẹ lè ṣe ìtọ́ka tí yóò gbé ẹni tí ó bá tẹ̀ ẹ́ tààrà wá sí WhatsApp yín. Ẹ kọ wa.me/234, kí ẹ wá kọ nọ́ńbà yín tẹ̀ lé e láìfi òdo àkọ́kọ́ sí i. Ẹ lè kọ ọ́ sí ojú Facebook yín, ẹ sì lè jẹ́ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí bébà kékeré tí ẹ óò máa lẹ̀ mọ́ ìdí igbá tàbí inú àpò awọ, kí ọjà náà fúnra rẹ̀ lè máa darí àwọn tí ó bá rí i nílé onílé wá sọ́dọ̀ yín.

Ní ti àwòrán, fóònù tí ẹ ní lọ́wọ́ tó. Ẹ kọ́kọ́ fi aṣọ rírọ̀ nu ojú kámẹ́rà rẹ̀, nítorí pé epo ọwọ́ àti eruku ni ó sábà máa ń mú kí àwòrán ṣú. Oòrùn ọ̀sán gangan kò dára: a máa mú kí ara awọ kọ mànà débi pé àwọ̀ rẹ̀ kò ní hàn, a sì máa ju òjìji sínú ọnà igbá. Láàárín aago méje sí mẹ́sàn-án òwúrọ̀, tàbí lẹ́yìn aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ẹ gbé ọjà náà sí abẹ́ ìbòòji ní ìta, lórí ẹní tàbí aṣọ tí kò ní ọnà lára, kí ẹ sì yà á lẹ́ẹ̀mẹta: ẹ ya odindi rẹ̀, ẹ súnmọ́ ọn láti ya ọnà rẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹnìkan gbé e lọ́wọ́ kí oníbàárà lè mọ bí ó ti tóbi tó. Ẹ má ṣe lo àwọn ohun tí ń yí àwọ̀ àwòrán padà. Tìmùtìmù tí ó pupa bí ẹ̀jẹ̀ lójú fóònù, tí ó wá ṣú nígbà tí ó délé, yóò di ìjà. Bí igbá bá sì ní àpá tàbí ojú sísán díẹ̀, ẹ ya ibẹ̀ náà, kí ẹ sọ ọ́, kí ẹ sì dín owó rẹ̀ kù.

Iṣẹ́ tí ó ń lọ lọ́wọ́ ni ó wúlò jù fún Status. Ẹni tí ó wà ní Èkó kò rí ibi tí wọ́n ti ń fín igbá. Tí ẹ bá ya fídíò kúkúrú nígbà tí ọ̀bẹ ń rìn lójú igbá, tí ẹ sì fi ohùn yín sọ orúkọ ọnà tí ẹ ń fín, yóò mọ ìdí tí igbá yín fi wọ́n ju ike lọ. Wákàtí 24 péré ni Status ń lò kí ó tó lọ, nítorí náà mẹ́ta tàbí mẹ́rin lóòjọ́ tó. Àwọn tí ó ń gbé ogún sí i lẹ́ẹ̀kan náà ń lé àwọn ènìyàn sá ni.

Mo fẹ́ kí a sọ̀rọ̀ dáadáa lórí iye owó, nítorí pé níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń pàdánù ọjà. Ọ̀pọ̀ nínú wa a máa gbé àwòrán síta láìkọ iye, a ó ní kí ẹni tí ó bá fẹ́ wá béèrè ní kọ̀rọ̀. Mo mọ ohun tí ó fà á: ọjà wa jẹ́ ọjà tí à ń ná, olówó kan kò sì jọ èkejì, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó ń ra ogún kò ní san iye tí ẹni tí ó ń ra ẹyọ kan ń san. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń wo fóònù nínú ọkọ̀ kò ní sùúrù fún ìbéèrè. Bí kò bá rí iye, yóò rò pé ó wọ́n, yóò sì kọjá. Yàtọ̀ sí èyí, òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2018 tí ó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà sọ pé kí ẹni tí ó bá pàtẹ ọjà fi iye rẹ̀ hàn. Ẹ kọ iye ẹyọ kan, kí ẹ sì kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀ pé àdínkù wà fún ẹni tí ó bá ra mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àyè ìnájà ṣì wà nínú ìyẹn.

Ìdáhùn kíákíá ni ó ń parí ọjà. Bí ọwọ́ yín bá dí, ẹ kọ gbólóhùn kan pé, “Mo ti rí i sà, mo ń bọ̀ láàárín wákàtí kan,” kí ẹ sì padà lóòótọ́. Ẹ wo bí oníbàárà ṣe kọ̀wé kí ẹ tó mọ èdè tí ẹ óò fi dá a lóhùn. Àwọn ìyá àgbà kan kò fẹ́ràn láti máa kàwé lójú fóònù. Ẹ fi ohùn ránṣẹ́ sí wọn, kí ẹ sì kí wọn dáadáa kí ẹ tó dárúkọ owó. WhatsApp Business tún fún yín láyè láti lẹ àmì mọ́ orúkọ oníbàárà, láti fi mọ ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ béèrè, ẹni tí a ń retí owó rẹ̀, àti ẹni tí ó ti sanwó tí ọjà rẹ̀ kò tí ì lọ. Ẹ ṣe é lójoojúmọ́, kí ẹ má baà gbàgbé ọjà olówó.

Facebook wúlò fún àwọn tí kò tí ì mọ̀ yín. Ẹ ṣí ojú ewé òwò níbẹ̀, ẹ má ṣe lo àkáǹtì ara yín, nítorí pé àkáǹtì ara ẹni kò lè ní ju ọ̀rẹ́ 5,000 lọ, àwọn ẹbí yín kò sì fẹ́ máa rí ìpolówó ọjà láàárín ọ̀rọ̀ ìdílé. Àwọn ọmọ ìlú tí ó wà ní ìdálẹ̀ a máa kóra jọ sí ẹgbẹ́ lórí Facebook. Bí ẹ bá wọ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ kọ́kọ́ ka òfin wọn, kí ẹ sì máa ṣàlàyé iṣẹ́ fún wọn ju kí ẹ máa da àwòrán sílẹ̀ lọ: bí a ṣe ń tọ́jú awọ kí ó má baà bu, irú igbá tí ó bá ẹrù ìyàwó mu, ìdí tí a kì í fi í sá igbá fínfín sóòrùn. Ẹni tí ẹ bá là lọ́yẹ̀ ni yóò béèrè ọjà. Kí ẹ tó gbé àwòrán oníbàárà kankan síta, ẹ gba àṣẹ lẹ́nu rẹ̀, pàápàá bí ọmọdé bá wà nínú rẹ̀. Nàìjíríà ti ní òfin lórí ààbò ìsọfúnni ara ẹni láti ọdún 2023.

Lórí owó, ẹ má ṣe gba àwòrán ìwé ìsanwó gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí, ẹ má sì gba àtẹ̀jíṣẹ́ nìkan gbọ́. Ẹ ṣí àkáǹtì yín fúnra yín, kí ẹ rí i pé owó ti wọlé, kí ọjà tó jáde. Fún iṣẹ́ tí a ní kí ẹ ṣe ní pàtó, ẹ gba ìdajì owó sílẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní kí ẹ ka nọ́ńbà mẹ́fà kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ fóònù yín fún òun, ẹ kọ̀. Olè ni, WhatsApp yín ni ó fẹ́ gbà kí ó lè fi orúkọ yín yá owó lọ́wọ́ àwọn oníbàárà yín. Ẹ wọ inú ètò WhatsApp, kí ẹ fi nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ tiyín sí i gẹ́gẹ́ bí ààbò kejì, kí ẹ sì má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Bí ẹ bá ń fi ọjà ránṣẹ́ láti gáréèjì, ẹ fi bébà sáàárín igbá kan sí òmíràn, ẹ fi aṣọ tàbí fóòmù yí wọn ká nínú páálí, kí ẹ sì ya àwòrán rẹ̀ kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́ pa. Ẹ fi àwòrán náà, nọ́ńbà ọkọ̀ àti nọ́ńbà fóònù awakọ̀ ránṣẹ́ sí oníbàárà kí ọkọ̀ tó gbéra.

Ìpolówó tí à ń sanwó fún lórí Facebook lè dúró di ìgbà tí gbogbo èyí bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ṣetán, ẹ yan èyí tí yóò gbé ènìyàn wá tààrà sí WhatsApp yín, kí ẹ sì fi Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ kí ẹ tó kan Èkó, nítorí pé nǹkan bíi kìlómítà 50 péré ni ó wà sí Ọ̀yọ́, fífi ọjà ránṣẹ́ síbẹ̀ kò sì wọ́n. Ẹ ra ìwé kékeré kan. Ẹ máa bi gbogbo oníbàárà tuntun léèrè ibi tí ó ti gbọ́ nípa yín, kí ẹ kọ ọ́ sínú rẹ̀ pẹ̀lú ohun tí ó rà àti èrè tí ẹ jẹ lórí rẹ̀. Ní ìparí oṣù, ẹ ro èrè tí ó ti ọ̀dọ̀ àwọn tí ìpolówó mú wá, kí ẹ sì yọ owó tí ẹ san fún Facebook kúrò nínú rẹ̀. Bí ohun tí ó kù kò bá tó nǹkan, tí ẹ sì rí i pé àwọn tí oníbàárà àtijọ́ mú wá ni ó pọ̀ jù nínú ìwé náà, ẹ dá ìpolówó náà dúró, kí ẹ fi owó rẹ̀ ra dátà, kí ẹ sì dín owó díẹ̀ kù fún oníbàárà tí ó bá mú ẹlòmíràn wá.