Kí òbí yín tó kúrò nínú Medicare ìjọba

Aago kan òru ni ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ní Texas pè mí ní Ìkéré-Èkìtì. Ilé-iṣẹ́ aládàáni kan fẹ́ kó kúrò nínú Medicare ìjọba, ìyẹn ètò ìlera tí ìjọba Amẹ́ríkà ń ṣe fún àwọn àgbàlagbà, wá sínú ètò tiwọn. Wọ́n ní àwọn á fi ìtọ́jú eyín àti awò ojú kún un. Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni mí. Mo ní, "Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fọwọ́ sí i."

Ẹ̀yin tí òbí yín wà lọ́hùn-ún, ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ pe dókítà wọn. Ṣé ó ń gba ètò yẹn gan-an? Bí kò bá gbà á, kí ni awò ojú ọ̀fẹ́ fẹ́ ṣe? Ẹ béèrè oògùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ béèrè ìtọ́jú tí wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọrọ àyè fún lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ náà. Àgbàlagbà tí egungun itan rẹ̀ ṣẹ́ kò lè máa dúró de lẹ́tà.

Àtipadà ló ń bà mí lẹ́rù jù. Lọ́dọọdún, láti ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá sí ọjọ́ 7 oṣù kejìlá, èèyàn lè padà sí ti ìjọba. Ṣùgbọ́n Medigap, àfikún tó ń bá wọn san owó tí Medicare kò san, ilé-iṣẹ́ aládàáni ló ń tà á. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, lẹ́yìn ọdún àkọ́kọ́ nínú ètò aládàáni, wọ́n lè kọ̀ láti ta Medigap fún ẹni tó ń ṣàìsàn. Àtọ̀gbẹ sì ń bá ẹ̀gbọ́n mi fínra.

Àwọn olùdámọ̀ràn SHIP, tó ń la ọ̀rọ̀ Medicare yé èèyàn, wà ní gbogbo ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà, wọn kì í gba kọ́bọ̀. Ẹ ní kí òbí yín pè wọ́n.