Ìràwọ̀ Tí Òǹrajà Ń Fúnni: Bí Òǹtajà Orí Íntánẹ́ẹ̀tì Ṣe Lè Tọ́jú Rẹ̀

Bí òǹtajà kan ní Iléṣà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé bàtà sórí ọjà íntánẹ́ẹ̀tì, tí àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́ tí ó rà á sì fún un ní ìràwọ̀ márùn-ún márùn-ún, ẹnì kẹrin tí inú bí, tí ó fún un ní ìràwọ̀ kan péré, yóò já ìpíndọ́gba ìràwọ̀ rẹ̀ wálẹ̀ sí mẹ́rin nínú márùn-ún lójú ẹsẹ̀. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá dé lẹ́yìn tí ọgọ́rùn-ún ènìyàn ti fún un ní márùn-ún, 4.96 ni yóò ṣì ní, bóyá ni ẹnikẹ́ni yóò sì ṣàkíyèsí rẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí ìràwọ̀ kan ṣoṣo yẹn fa òun sísàlẹ̀ 4.9 gbọ́dọ̀ ní ènìyàn 39 tí wọ́n fún un ní márùn-ún. Ó yẹ kí ẹni tí ó ń bẹ̀rẹ̀ mọ ìṣirò yìí kí ó tó ya àwòrán ọjà rẹ̀ rárá, nítorí pé àwọn oníbàárà àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ wọn wúwo jù, àwọn náà gan-an sì ni òǹtajà tuntun máa ń fi ìkánjú dá lóhùn.

Ọ̀nà méjì ni ìràwọ̀ ń gbà ṣiṣẹ́. Èkíní ni pé ó ń pinnu àwọn tí yóò rí ọjà yín. Lórí Jumia, òǹrajà lè ní kìkì ọjà tí ó ní ìràwọ̀ mẹ́rin sókè ni kí wọ́n fi han òun. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, ọjà tí ó wà ní 3.9 kò sí lórí àtẹ rárá, bí ó ti wù kí owó rẹ̀ wálẹ̀ tó. Èkejì ni pé ó ń pinnu iye tí ẹni tí ó rí i yóò fẹ́ san. Olùwádìí Paul Resnick àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà dán èyí wò lórí ọjà íntánẹ́ẹ̀tì eBay, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ ní ọdún 2006. Òǹtajà káàdì àtijọ́ kan tí ó ti lórúkọ rere tipẹ́ ta irú ọjà kan náà lábẹ́ orúkọ tirẹ̀ àti lábẹ́ àwọn orúkọ tuntun tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀, àwọn òǹrajà sì múra tán láti san nǹkan bí 8.1% lé sí i fún èyí tí ó wà lábẹ́ orúkọ àtijọ́ náà.

Àwọn Òṣómàáló tí wọ́n ru aṣọ kúrò ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà lọ tà láwìn káàkiri, àwọn ni wọ́n fọkàn tán oníbàárà, bí gbèsè bá sì pẹ́ jù, wọ́n mọ ẹnu ọ̀nà tí wọn yóò lọ lóṣòó sí. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, òǹrajà ni ó ń fọkàn tán òǹtajà: nígbà púpọ̀ ni ó máa ń sanwó kí ó tó fojú kan ọjà, kò sì lè wá láti Kàlàbá wá lóṣòó sí ẹnu ìsọ̀ yín ní ọjà Àtakúnmọ̀sà. Ìràwọ̀ kan tí ó fi sílẹ̀ lábẹ́ ọjà yín ni ìlóṣòó tirẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ mọ òfin ibi tí ẹ ti ń tajà, nítorí pé wọn kì í fi òṣùwọ̀n kan náà wọn òǹtajà níbi gbogbo. Lórí Jumia, yàtọ̀ sí ìràwọ̀ tí ó wà lára ọjà, òǹrajà tún lè rí máàkì òǹtajà fúnra rẹ̀, pẹ̀lú ohun mẹ́ta tí wọ́n fi ń wò ó: bóyá ó ń fi ọjà tí wọ́n rà lọ́wọ́ rẹ̀ ránṣẹ́ bí ó ti yẹ, bóyá ọjà rẹ̀ dára, àti ohun tí àwọn oníbàárà sọ nípa rẹ̀. Lórí Jiji, níbi tí òǹrajà àti òǹtajà ti sábà máa ń pàdé láti yẹ ọjà wò kí wọ́n tó sanwó, ìwà yín ni wọ́n máa ń kọ̀wé lé lórí ju ọjà lọ: bóyá ẹ gbé fóònù, bóyá iye owó tí ẹ kọ ni ẹ gbà, bóyá ẹ dé àsìkò tí ẹ dá. Ti Amazon ló le jù. Wọ́n fẹ́ kí àwọn ọjà tí ó mú ẹ̀sùn wá, títí kan èyí tí ó gba ìràwọ̀ kan tàbí méjì, má tó 1 nínú 100 lára ohun tí wọ́n rà lọ́wọ́ òǹtajà, ẹni tí ó bá sì kọjá ibẹ̀ lè pàdánù ìsọ̀ rẹ̀.

Kí ọjà tó kúrò lọ́wọ́ yín

Ní èrò tèmi, ọjà tí kò dára kọ́ ni ó ń fa ìráhùn jù, bí kò ṣe ọjà tí ó yàtọ̀ sí ohun tí òǹtajà kọ sílẹ̀. Nítorí náà, ibi tí ẹ ti ń kọ àlàyé ọjà ni kí ẹ ti máa tọ́jú ìràwọ̀ yín. Bí ẹ bá ń ta bàtà, ẹ má kọ nọ́ńbà 42 kí ẹ sì dákẹ́, nítorí pé 42 ti ilé iṣẹ́ kan kì í sábà bá ti èkejì dọ́gba. Ẹ fi téèpù wọn inú bàtà náà láti gìgísẹ̀ dé iwájú, kí ẹ sì kọ iye sẹ̀ǹtímítà rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ àǹkárá, ẹ wọ̀n ọ́n fúnra yín. Bí ó bá jẹ́ ọ̀pá márùn-ún àbọ̀, ohun tí ẹ ó kọ nìyẹn, bí ẹni tí ó kó o fún yín tilẹ̀ pè é ní mẹ́fà, nítorí pé orúkọ yín ni òǹrajà mọ̀, kò mọ ti ẹni náà. Bí ọjà bá jẹ́ tòkunbọ̀, ẹ pè é ní tòkunbọ̀, kí ẹ sì ya àwòrán ibi tí ó ti họ tàbí tí ó ti ṣá, kí ó hàn kedere.

Ìta ni kí ẹ ti ya àwòrán, ní òwúrọ̀ tàbí ní ìrọ̀lẹ́, nítorí pé iná inú ìsọ̀ máa ń yí àwọ̀ aṣọ padà, ẹni tí ó sì rí aṣọ aró tí ó ti di dúdú nígbà tí ó tú u kò ní bi yín léèrè irú gílóòbù tí ẹ lò. Àwòrán tí ilé iṣẹ́ yà lè rẹwà ju tiyín lọ, ṣùgbọ́n ohun tí ó wà nínú tiyín ni ẹ ó dì ránṣẹ́.

Ẹ má ṣe gbé ọjà tí kò sí ní ìkáwọ́ yín sórí àtẹ. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ òǹtajà ni ó máa ń ṣe é, pẹ̀lú èrò pé bí ẹnikẹ́ni bá rà á, àwọn yóò sáré lọ mú un ní ìsọ̀ ẹlòmíràn; ọjọ́ tí onísọ̀ yẹn kò bá ṣí, tàbí tí ó fi owó lé e, òǹtajà á fagi lé ọjà tí ẹni ẹlẹ́ni ti sanwó rẹ̀. Òǹrajà kì í dárí jì fún èyí, ẹni tí ó ni ọjà íntánẹ́ẹ̀tì náà sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ní ti ọjọ́ tí ọjà yóò dé, bí awakọ̀ ní gáréèjì bá ní yóò dé Ìbàdàn lọ́la, ẹ sọ fún òǹrajà pé ọ̀túnla ni. Bí ó bá dé lọ́la, inú rẹ̀ yóò dùn. Bí táyà bá jò lójú ọ̀nà, ẹ ò tíì yẹ àdéhùn. Kí ẹ tó lẹ páálí pọ̀, ẹ fi fóònù ya ohun tí ó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀.

Bí a ṣe ń béèrè, àti bí a kì í ṣe é

Ọ̀pọ̀ oníbàárà tí inú wọn dùn kì í kọ nǹkan kan. Ẹni tí inú bí ni kì í gbàgbé. Ìdí nìyí tí ó fi tọ́ kí ẹ béèrè, lẹ́ẹ̀kan péré, lẹ́yìn tí ọjà bá ti dé, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn. Ẹ lè fi èènì sínú páálí bí a ti ń ṣe ní ọjà, kò burú. Ohun tí ó burú ni kí ẹ fi ìwé pélébé tì í pé kí ó fún yín ní ìràwọ̀ márùn-ún kí ó lè gba èènì mìíràn, nítorí pé Amazon àti Google kò fàyè gba kí a fi ohunkóhun ra ọ̀rọ̀ rere.

Ẹ má jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n, àbúrò àti ọmọọṣẹ́ máa kọ̀wé bí ẹni pé òǹrajà ni wọ́n. Ní Amẹ́ríkà, òfin tí àjọ Federal Trade Commission ṣe tako irú ayédèrú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹwàá ọdún 2024. Níhìn-ín ní Nàìjíríà, òfin ìdíje àti ààbò òǹrajà ti ọdún 2018, tí àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń jẹ́ FCCPC ń mójú tó, kò fàyè gba kí a fi irọ́ ta ọjà fún ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí ìràwọ̀ kan bá dé

Ẹ má fèsì ní wákàtí tí ẹ kà á. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá òótọ́ ni, lára àwòrán tí ẹ yà kí ẹ tó lẹ páálí. Bí òótọ́ bá ni, ẹ ṣe àtúnṣe kí ẹ tó kọ̀wé, kí ẹ sì kọ ọ́ ní kúkúrú: «Ẹ jọ̀wọ́, mà, ẹ má bínú. Aṣọ tí a fi ránṣẹ́ dín ní ààbọ̀ ọ̀pá, àṣìṣe wa ni. A ti dá owó ààbọ̀ ọ̀pá náà padà fún yín, a sì ti tún àlàyé rẹ̀ kọ.» Ẹni náà nìkan kọ́ ni ẹ ń dá lóhùn, àwọn tí wọ́n ṣì ń rò ó bóyá kí wọ́n rà á ni yóò ka èsì náà jù. Bí kì í bá ṣe òótọ́, ẹ sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láìsí èébú, kí ẹ sì fi ẹjọ́ sun àwọn tí ó ni ọjà íntánẹ́ẹ̀tì náà.

Ẹ má pe òǹrajà náà lórí fóònù láti fi agbára mú un yọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ kúrò. Ní ọdún 2008, eBay gba agbára lọ́wọ́ òǹtajà láti fún òǹrajà ní máàkì burúkú, nítorí pé àwọn òǹtajà ń fi gbẹ̀san, ẹ̀rù sì ń ba òǹrajà láti sọ òótọ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìràwọ̀ kan kò pa ọjà tí ó ti lẹ́sẹ̀ nílẹ̀: ìwádìí Spiegel Research Center ti Northwestern University rí i pé ọjà tí ó wà láàrin 4.0 àti 4.7 ni wọ́n máa ń rà jù, tí ó bá sì ti sún mọ́ 5.0 jù, àwọn ènìyàn a máa fura.

Ọ̀rọ̀ àwọn tí wọ́n fún yín ní ìràwọ̀ mẹ́ta tí wọ́n sì ṣàlàyé ni kí ẹ kà jù, nítorí pé wọ́n máa ń sọ ohun kan pàtó tí ó kù díẹ̀ káàtó. Bí ènìyàn mẹ́ta bá sọ pé bàtà náà fún ẹsẹ̀, àlàyé yín ni kí ẹ tún kọ. Bí wọ́n bá sọ pé àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ń yọ láàrin oṣù kan, kò sí àlàyé tí yóò gbà á sílẹ̀. Ẹ yọ bàtà náà kúrò lórí àtẹ, kí ẹ sì dá ìyókù padà fún ẹni tí ó kó o fún yín.