Ọmọ sáyẹ́ǹsì, kó o tó béèrè pé "kọ́ọ̀sì wo ni kí n ṣe"

Gbogbo ìgbà tí fọ́ọ̀mù JAMB bá ti jáde báyìí, fóònù mi kì í sinmi. "Ẹ̀gbọ́n ẹ kú ilé, mo wà ní sáyẹ́ǹsì, kọ́ọ̀sì wo ló dáa?" Ó parí síbẹ̀. Kò sí orúkọ, kò sí kíláàsì, mi ò mọ̀ bóyá ẹni yẹn fẹ́ràn Physics àbí ńṣe ló máa ń sá fún un, mi ò mọ bí nǹkan ṣe rí nílé wọn, ó ṣáà fẹ́ kí n dáhùn bíi babaláwo. Babaláwo gan-an, ṣebí wàá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ sówó létí kí wọ́n tó dÍfá fún ẹ. Microbiology ni èmi kà ní tèmi, ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe omi àti ohun mímu ni mo wà, iṣẹ́ mi ni kí n máa yẹ̀ ẹ́ wò bóyá kòkòrò wà nínú nǹkan tí wọ́n fẹ́ kó lọ sọ́jà. Mo wá ní kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bí ọmọ sáyẹ́ǹsì ṣe lè béèrè ìmọ̀ràn tí ìmọ̀ràn náà á fi wúlò.

Ara rẹ ni wàá kọ́kọ́ bi. Mú ìwé kan, kọ máàkì tó o gbà nínú Maths, Physics, Chemistry àti Biology ní tẹ́ẹ̀mù mẹ́ta tó kọjá, máàkì gidi o, kì í ṣe èyí tó o rò pé ò bá gbà ká ní tíṣà ò kórìíra rẹ. Lẹ́yìn ìyẹn kọ èyí tó o máa ń kà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni lé ẹ. Kọ nǹkan tí ara rẹ ò gbà náà sí i. Èmi, látìgbà tí mo ti wà ní Primary 4 ni ìyá àgbà ti ń pè mí ní dókítà, orúkọ yẹn sì wọ̀ mí lára débi pé ọdún méjì ni mo fi ń ṣe JAMB torí Mẹ́dísìn, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fẹ́ dú àgbò Iléyá, ẹ̀yìnkùlé ni mo máa ń sá lọ. Kò sẹ́ni tó bi mí pé báwo ló ṣe fẹ́ jẹ́. Èmi náà ò bi ara mi.

Ìṣirò ọdún ló tẹ̀ lé e, ibẹ̀ sì ni àwọn òbí gan-an ti máa ń ṣì í kà. Mẹ́dísìn, ọdún 6 ní fásitì, ọdún 1 fún housemanship tí dókítà tuntun máa fi kọ́ṣẹ́ ní ilé ìwòsàn, ọdún 1 fún NYSC, ọdún 8 nìyẹn tí ASUU ò bá da iṣẹ́ sílẹ̀ bíi ti 2022 tó gba oṣù 8, o ò sì tíì di dókítà ọkàn tàbí dókítà ojú o, ìyẹn ṣì tún ní ọdún tiẹ̀. Dókítà ẹranko náà, ọdún 6. Ẹnjiníà ọdún 5, Nursing ọdún 5, Medical Laboratory Science ọdún 5. Microbiology, Biochemistry, Geology, Computer Science, ọdún 4. Mi ò ní kó o sá fún èyí tó gùn. Mo ní kó o jókòó pẹ̀lú ẹni tó máa sanwó kẹ́ ẹ jọ kà á, torí tó o bá ní àbúrò mẹ́ta lẹ́yìn, owó ilé ìwé tìẹ àti tiwọn á pàdé lójú ọ̀nà lọ́jọ́ kan.

Wàyí o, kó o tó da ẹnikẹ́ni láàmú, lọ yẹ IBASS ti JAMB wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni. Ibẹ̀ ni wọ́n kọ sábẹ́ẹ̀kì tí kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan fẹ́ sí, àti ilé ìwé tó ń ṣe é. Sábẹ́ẹ̀kì 4 ni UTME, ìdánwò JAMB yẹn, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ dandan, ó wá ku 3 tó o máa mú fúnra rẹ. Mẹ́dísìn, Nursing, Pharmacy, gbogbo ìdílé yẹn, Biology, Chemistry, Physics ni wọ́n ń bèèrè. Ẹnjiníà, Maths, Physics, Chemistry. Nítorí náà ẹni tó bá sọ fún mi pé òun fẹ́ ṣe Nursing, tí ò bá sì bọ́ sí i òun á yí i sí Mechanical Engineering, ẹ̀rín ni mo máa ń rín, torí sábẹ́ẹ̀kì tó fi ṣèdánwò ti ti ilẹ̀kùn kan pa kó tó dé ibẹ̀. WAEC tàbí NECO náà ńkọ́? Kírẹ́díìtì 5, Maths àti Gẹ̀ẹ́sì á sì wà níbẹ̀, ilé ìwé míì fẹ́ kí gbogbo ẹ̀ jẹ́ ti ìjókòó kan ṣoṣo pàápàá fún Mẹ́dísìn. Gbogbo èyí wà lójú táyé, má fi ìbéèrè rẹ ṣòfò lórí ẹ̀.

Ta lo máa wá bi? Kì í ṣe ẹni tó lówó jù ní àdúgbò. Ẹni mẹ́ta ni mo máa ń ní kí wọ́n wá, ẹni tó ń ka kọ́ọ̀sì náà lọ́wọ́ tó wà ní 200 tàbí 300 level, ẹni tó ti ń fi ṣiṣẹ́ bí ọdún mẹ́ta sí márùn-ún, àti ẹni tó kà á tí ò fi ṣe nǹkan kan mọ́. Ẹni kẹta yẹn ṣe pàtàkì gan-an, gbogbo èèyàn ló máa ń gbójú fò ó. Ẹni tó kà Biochemistry tó wá ń ta aṣọ ní Gbági á sọ nǹkan tí ọ̀jọ̀gbọ́n ò ní sọ fún ẹ. Wàá rí wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní mọ́sáláṣí, nínú ẹgbẹ́ àwọn tó ti jáde nílé ìwé yín, lórí LinkedIn náà. Tó bá jẹ́ Ìbàdàn lẹ wà, IITA tó ń ṣèwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ti wà níbẹ̀ láti 1967, UCH, ilé ìwòsàn fásitì, wà níbẹ̀ láti 1957. Tó bá jẹ́ Èkó, NIMR tó ń ṣèwádìí ìṣègùn wà ní Yábàá, FIIRO tó ń ṣèwádìí fún ilé iṣẹ́ wà ní Òṣòdì. Ẹ bá tíṣà yín sọ ọ́ kí ilé ìwé kọ lẹ́tà pé àwọn fẹ́ kó ọmọ wá wo bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́, ó sàn ju kẹ́ ẹ tún lọ wo kìnnìún ní ọgbà ẹranko lẹ́ẹ̀kejì.

Bó o ṣe máa kọ ọ́ wá kù. "Hi" kì í ṣe ìkíni fún ẹni tó jù ẹ́ lọ. Má fi fóònù pe èèyàn láago mẹ́wàá alẹ́, má sì fi voice note ìṣẹ́jú mẹ́fà ránṣẹ́ sẹ́ni tí ò mọ̀ ẹ́ rí. Wo irú èyí:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Orúkọ mi ni Kẹ́hìndé, SS2 ni mo wà l'Óṣogbo. Àǹtí Fọláṣadé ló fún mi ní nọ́ńbà yín, wọ́n ní ẹ jọ kàwé ni. Mo ti yẹ IBASS wò, Medical Laboratory Science àti Microbiology ló wù mí, ṣùgbọ́n mi ò mọ ìyàtọ̀ tó wà nínú iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe lójoojúmọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè bi yín ní ìbéèrè méjì? Ìgbà tó bá rọ̀ yín lọ́rùn ni o, mà."

Ta ló máa rí irú ẹ̀ tí ò ní dáhùn? Tí wọn ò bá sì dáhùn, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan rán wọn létí lẹ́ẹ̀kan, kó o sì bá tìẹ lọ. Ẹni tó bá ní òun máa gbà ẹ́ nímọ̀ràn, kó o wá bá òun ní hòtẹ́ẹ̀lì, àbí kó o mú owó wá kí òun fi bá ẹ wá ààyè ní fásitì, àbí kó o fún òun ní password JAMB rẹ, búlọ́ọ̀kù irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ kíá, kó o sì sọ fún àgbà kan nílé.

Ìbéèrè tó dáa jù tí mo mọ̀ ni "Kí lẹ ṣe láti àárọ̀ òní?" Má bi wọ́n bóyá iṣẹ́ náà dùn, wọ́n á ní ó dùn. Tó o bá bi èmi ní ti àárọ̀ òní, mo ti gba omi sínú ìgò mẹ́rìnlá, mo ti se ìgò nínú autoclave, ìkòkò tó ń fi ooru pa kòkòrò, mo ti ka àwọn kòkòrò tí mo gbìn lánàá, mo ti fi Excel kọ èsì, mo sì ti bá ọ̀gá ẹ̀rọ jà torí ó fẹ́ kí ọkọ̀ gbéra kí èsì mi tó jáde. Níbi ìjà yẹn lo ti máa mọ̀ pé ẹni tí ò lè sọ pé rárá fún ọ̀gá, iṣẹ́ yìí á le fún un, kò sì sí nínú ìwé kankan. Lẹ́yìn ẹ̀, bi wọ́n pé ẹ mélòó lẹ jọ jáde, níbo ni àwọn yòókù wà báyìí? Má béèrè iye owó oṣù wọn ní tààrà, àwọn àgbà wa ò fẹ́ irú ẹ̀, bi wọ́n pé ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ṣé owó yẹn á gba yàrá kan fún un, kí ó sì tún wọkọ̀.

Ìbéèrè ìwé àṣẹ, ẹ jọ̀ọ́, èyí ni kẹ́ ẹ fi ojú méjèèjì wò, torí ibẹ̀ ló ti bù mí jẹ. Ìgbà tí mo wà ní 300 level, mo lọ ṣe IT oṣù 6, SIWES yẹn tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń kọ́ iṣẹ́ níbi iṣẹ́, ní lábù ilé ìwòsàn aládàáni kan. Oṣù méjì àkọ́kọ́, orúkọ aláìsàn ni wọ́n ní kí n máa kọ sínú rẹ́jísítà. Mo gbé e mì, mo ní tí mo bá parí màá padà wá ṣiṣẹ́ níbí. Mo sìnrú ìlú tán, mo padà lọ, wọ́n ní ìwé àṣẹ MLSCN mi dà? Mo ní kí nìyẹn? Ni wọ́n bá rẹ́rìn-ín. MLSCN ni àjọ tó ń fún àwọn òṣìṣẹ́ lábù ìṣègùn níwèé àṣẹ. Microbiology àti Medical Laboratory Science jọra wọn nínú ìwé, ẹ̀yin méjèèjì lẹ ó wo kòkòrò nínú microscope, ṣùgbọ́n lábù ilé ìwòsàn, ẹni tí MLSCN fún níwèé ni òfin mọ̀, ọdún kan péré ló sì wà láàárín ọdún 4 tèmi àti ọdún 5 tiwọn. Ká ní ẹnì kan ti sọ fún mi ní SS3! Dókítà náà ní àjọ tiẹ̀, MDCN, nọ́ọ̀sì àti ẹnjiníà ní tiwọn, COREN ni ti ẹnjiníà. Nítorí náà bi wọ́n pé lẹ́yìn dìgírì, ìwé wo ló tún kù, ta ló ń fúnni, ṣé kọ́ọ̀sì yẹn ní ilé ìwé tí mo fẹ́ lọ sì ní accreditation, ìyẹn ìfọwọ́sí, lọ́dọ̀ wọn àti lọ́dọ̀ NUC tó ń bójú tó fásitì? Ilé ìwé kan lè gba owó ọdún 5 lọ́wọ́ ẹ kí àjọ náà má kà ọ́ kún.

Ìmọ̀ràn wọn á ta kora, ó dájú. Ẹnì kan á ní sá fún un, ẹnì kan á ní ọ̀nà ọlà ni. Kọ ọ́ sílẹ̀, wo ohun tí wọ́n jọ sọ, kó o sì wo ẹni tó ń sọ ọ́, torí ẹni tí inú ń bí sí ọ̀gá ẹ̀, kọ́ọ̀sì ló máa dá lẹ́bi. Má sì rò pé kọ́ọ̀sì tó o bá wọlé sí ti dì ẹ́ mọ́lẹ̀ títí láé. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyewale Tomori tí gbogbo ayé mọ̀ sí onímọ̀ nípa fáírọ́ọ̀sì, ìṣègùn ẹranko ló kọ́kọ́ kà ní Zaria kó tó wá ṣe ti fáírọ́ọ̀sì n'Ìbàdàn. Ní March 2020 tí kòrónà ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀lú, ACEGID, ibùdó ìwádìí kan ní Redeemer's University, Ẹdẹ, ni wọ́n ti ka jínómù fáírọ́ọ̀sì náà, ìyẹn gbogbo àkọsílẹ̀ àbùdá rẹ̀, àkọ́kọ́ ní Áfíríkà, irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sì nílò ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà dáadáa bó ṣe nílò ẹni tó ń wọ ìbọ̀wọ́.

Poli ńkọ́? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń yínmú sí poli, ND ọdún 2, IT ọdún 1, HND ọdún 2, ẹni tí ND ẹ̀ bá sì dáa lè gba Direct Entry wọ 200 level ní fásitì. Ẹni tó fẹ́ràn kó máa fọwọ́ ṣe nǹkan, mo ti rí èyí tí wọ́n kọ́ ní Yaba Tech tó dá mi lójú ju ẹlòmíì tó ti fásitì jáde lọ.

Bàbá tó ní dókítà dandan ńkọ́? Má bá wọn jà, má sì kọ fọ́ọ̀mù ní kọ̀rọ̀. Wá ẹni tí wọ́n máa ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu, ẹ̀gbọ́n wọn, àbí ìyá wọn tó bá wà láyé, kó bá ẹ jókòó. Gbé ìwé tó o kọ máàkì sí lọ́wọ́, gbé iye ọdún àti owó lọ́wọ́, sọ ẹni tó o ti bá sọ̀rọ̀. Bàbá mi ò gbọ́ nígbà tí mo ń sunkún, ìgbà tí mo kó èsì JAMB ọdún méjì sílẹ̀ níwájú wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ni wọ́n dákẹ́, tí wọ́n wá ní, "Kí lo wá fẹ́ ṣe?"

Tó bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ló ń dẹ́rù bà ẹ́ nínú gbogbo ẹ̀, ní kí tíṣà tàbí ẹ̀gbọ́n ṣàlàyé mole àti osmosis fún ẹ ní Yorùbá, kó o tó wá kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Kì í ṣe ìwà òmùgọ̀. Ní Ifẹ̀, láti 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Fáfúnwá àti àwọn èèyàn wọn fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́fà gbáko.

Tí èsì bá wá jáde, ó dáa ni o, kò dáa ni o, padà lọ sọ fún àwọn tó gbà ẹ́ nímọ̀ràn. Nínú ogún ọmọ tí mo ń dá lóhùn, bóyá méjì ló máa ń padà wá. Ọ̀kan nínú wọn ti wà ní 400 level báyìí, Medical Laboratory Science ló ń kà, òun ni mo sì máa ń fún àwọn tuntun ní nọ́ńbà ẹ̀ tí wọ́n bá bi mí ní ti lábù ilé ìwòsàn, lẹ́yìn tí mo bá ti gbàyè lẹ́nu ẹ̀.