Bí a ṣe ń fi Python wá ibi tí àdírẹ́ẹ̀sì IP wà, àti ìdí tí ará Ìbàdàn fi ń di ará Èkó

Oníbàárà kan wà ní Chálẹ́ńjì n'Ìbàdàn, ó fi fóònù ṣí ìkànnì tí wọ́n ti ń ta àdìrẹ ní Dùgbẹ̀. Ìkànnì náà wo àdírẹ́ẹ̀sì IP rẹ̀ (nọ́ńbà tí a fi ń dá ẹ̀rọ mọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì), ó ní ará Èkó ni, ó sì ka owó gbígbé ẹrù dé Èkó sí i lọ́rùn. Kóòdù ibẹ̀ kò ní àṣìṣe kankan. Ẹni tó kọ ọ́ ló gba orúkọ ìlú gbọ́ jù. Nínú gbogbo ohun tí àdírẹ́ẹ̀sì IP lè sọ fún wa, orílẹ̀-èdè ló ṣeé fọkàn tẹ̀. Ìlú kò ju àbá lọ.

Library (àkójọ kóòdù tí ẹlòmíràn ti kọ sílẹ̀) tí a máa lò ni geoip2, ti èdè kọ̀ǹpútà Python, tí ilé-iṣẹ́ MaxMind ṣe. Bí a ṣe máa lò ó níbí, kò ní máa béèrè nǹkan lọ́wọ́ íntánẹ́ẹ̀tì: fáìlì .mmdb kan (àkójọ àdírẹ́ẹ̀sì IP àti ibi tí wọ́n wà) tó wà lórí kọ̀ǹpútà yín ni yóò máa kà. Bí dátà tán, yóò ṣì dáhùn.

Fáìlì náà ń jẹ́ GeoLite2-City, ọ̀fẹ́ ni. Ṣùgbọ́n láti 30 Oṣù Kejìlá 2019, ẹni tí kò bá ní àkáǹtì lọ́dọ̀ MaxMind kò lè wà á jáde mọ́. Ẹ ṣí àkáǹtì, kí ẹ sì ṣe license key, ìyẹn kọ́kọ́rọ́ àṣẹ tí ẹ ó fi máa wa fáìlì jáde. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń fi key náà hàn yín lódindi, nítorí náà ẹ tètè dà á kọ síbi tí kò ní sọnù. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ wa fáìlì náà jáde, ẹ ṣọ́ra: oríṣi méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan CSV, èkejì mmdb. CSV kò wúlò fún wa níbí. Èyí tó jẹ́ .tar.gz ni kí ẹ mú. Ẹ tú u, inú fódà tí wọ́n fi déètì sọ lórúkọ ni .mmdb náà wà; ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kóòdù yín.

```
python3 -m venv ayika
source ayika/bin/activate
pip install geoip2
```

Ẹ má fo ìlà méjì àkọ́kọ́, tó ń ṣe àyíká ọ̀tọ̀ fún Python, lórí Ubuntu tuntun. Bí ẹ bá fò ó, pip yóò kọ̀, yóò sì máa pariwo "externally-managed-environment". Ẹ má sì sọ fáìlì tiyín ní geoip2.py. Python yóò gbé tiyín dípò library, yóò wá ní geoip2 kì í ṣe package. Ó ti jẹ ọ̀pọ̀ èèyàn ní ọ̀sán kan gbáko.

```
import ipaddress
import geoip2.database
from geoip2.errors import AddressNotFoundError

reader = geoip2.database.Reader("GeoLite2-City.mmdb")

def wa_ibi(ip):
    try:
        a = ipaddress.ip_address(ip.strip())
    except ValueError:
        return None
    if not a.is_global:
        return None
    try:
        r = reader.city(str(a))
    except AddressNotFoundError:
        return None
    return {
        "orile": r.country.iso_code,
        "ipinle": r.subdivisions.most_specific.iso_code,
        "ilu": r.city.name,
        "km": r.location.accuracy_radius,
    }

print(wa_ibi("8.8.8.8"))
```

8.8.8.8 jẹ́ ti Google: orile yóò jẹ́ US, ó sì ṣeé ṣe kí ilu jẹ́ None. None kì í ṣe àṣìṣe. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé fáìlì náà kò ní ìlú kankan láti dárúkọ, kóòdù yín sì gbọ́dọ̀ lè gbà á bẹ́ẹ̀ láìdákú.

Òkè pátápátá ni a ṣí reader sí, ẹ̀ẹ̀kan péré. Ẹni tó bá ń ṣí i nínú wa_ibi, gbogbo oníbàárà tó bá wọlé ni yóò máa fi ìṣíwọlé fáìlì ńlá yẹn dá dúró. Ẹ má sì pe reader.country lórí fáìlì City. TypeError ni yóò dá yín lóhùn, torí pé fáìlì kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà tirẹ̀ tí a fi ń pè é.

Kí ló dé tí a fi lo is_global, tí a kò lo is_private? Àdírẹ́ẹ̀sì inú ilé bíi 192.168.1.5 tàbí 10.0.0.7 kò sí lórí máàpù kankan, is_private sì mọ èyí. Àmọ́ ìdílé àdírẹ́ẹ̀sì kan wà, 100.64.0.0/10, tí wọ́n yà sọ́tọ̀ kí àwọn ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ máa fi fún oníbàárà wọn nínú nẹ́tíwọ́ọ̀kì tiwọn. Python kò kà á mọ́ is_private, kò sì kà á mọ́ is_global. Ẹni tó bá gbẹ́kẹ̀ lé is_private, yóò gbà á wọlé.

Ìdílé yẹn gan-an ló gbé wa dé ọ̀rọ̀ Èkó. Ilé-iṣẹ́ fóònù máa ń kó ọ̀pọ̀ oníbàárà sábẹ́ àdírẹ́ẹ̀sì ìta kan ṣoṣo, ẹnu ọ̀nà tí wọ́n sì ń gbà jáde sí íntánẹ́ẹ̀tì sábà máa ń wà ní Èkó. Ẹnu ọ̀nà yẹn ni fáìlì náà rí. Kò rí ẹni tó jókòó sí Mọ́kọ́lá, kò sì lè rí i láé.

Ibi tí ẹ ti máa mọ bí àbá náà ti fẹ̀ tó ni accuracy_radius, tí a pè ní km. Ìbàdàn sí Èkó, bí ẹyẹ bá fò ó tààrà, kò ju nǹkan bí 120 kìlómítà lọ. Bí km bá jẹ́ 200, ìlú méjèèjì wà nínú òbìrí kan náà, orúkọ tí wọ́n kọ síbẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ já mọ́ nǹkan. Ojú mìíràn ni kí ẹ fi máa wo latitude àti longitude pẹ̀lú. Ní Amẹ́ríkà, MaxMind fi àárín orílẹ̀-èdè náà ṣe ibi tí wọ́n ń kó àdírẹ́ẹ̀sì tí wọn kò mọ ilé rẹ̀ sí. Oko kan ní Kansas ló bọ́ sí. Ọlọ́pàá àti àwọn tí wọ́n lù ní jìbìtì wá ń ya lọ sójúlé àwọn tó ń gbé ibẹ̀, títí ọ̀rọ̀ náà fi di ìròyìn ní 2016, tí wọ́n sì sún àmì náà lọ sínú adágún odò.

Bí ẹ bá ṣì fẹ́ fi àmì sórí máàpù, Leaflet (library tó ń ya máàpù) ń fẹ́ latitude ṣáájú, GeoJSON (ọ̀nà tí a fi ń kọ ibi orí máàpù sínú fáìlì) ń fẹ́ longitude ṣáájú. Ìbàdàn wà ní nǹkan bí 7.38, 3.94. Ẹ yí i padà, inú òkun tó wà nísàlẹ̀ Bonny ni oníbàárà yín yóò wà. Time zone náà ń tan èèyàn jẹ: Africa/Lagos ni wọ́n ń kọ fún gbogbo Nàìjíríà, títí dé Maiduguri.

Orúkọ inú fáìlì náà wà ní èdè mẹ́jọ, Yorùbá kò sí lára wọn. Ẹ fi kóòdù ìpínlẹ̀ ṣe àtúnsọ fúnra yín:

```
ORUKO = {"OY": "Ọ̀yọ́", "OS": "Ọ̀ṣun", "OG": "Ògùn", "LA": "Èkó"}
```

Ẹ má fi orúkọ Gẹ̀ẹ́sì ṣe kọ́kọ́rọ́, torí wọ́n lè yí bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ padà; OY kò ní yí bọ̀rọ̀. Bí ẹ bá máa gbé e sínú CSV fún ẹni tó ń lo Excel, utf-8-sig ni kí ẹ fi pamọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àmì ohùn yóò di wóróbo.

Bí ìkànnì bá dé orí server, tí gbogbo àlejò wá di 127.0.0.1, àdírẹ́ẹ̀sì kọ̀ǹpútà náà fúnra rẹ̀, a jẹ́ pé proxy kan (ètò tó ń gba àlejò wọlé), bíi nginx, ló dúró níwájú kóòdù yín. Bí ẹ bá ti ní kí nginx máa kọ ọ́, àdírẹ́ẹ̀sì tòótọ́ wà nínú X-Forwarded-For, ìlà kan tó ń bá ìbéèrè àlejò wọlé. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ló lè kọ ohun tó wù ú síwájú ìlà yẹn, nítorí náà apá ọ̀tún ni kí ẹ ti kà á wá, níbi tí proxy tiyín kọ ọ́ sí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ẹtì ni fáìlì tuntun máa ń jáde. Ètò geoipupdate ti MaxMind, pẹ̀lú cron tó ń bá èèyàn ṣe iṣẹ́ ní àkókò tí a bá dá fún un, yóò máa gbé e wá. Àmọ́ reader tó ti ṣí tẹ́lẹ̀ kò ní mọ̀, ẹ tún kóòdù náà bẹ̀rẹ̀. Àdéhùn wọn ní kí ẹ pa ti àtijọ́ rẹ́ láàárín 30 ọjọ́, kí ẹ sì dárúkọ MaxMind lórí ìkànnì yín. Òfin ìdáàbòbò dátà ti Nàìjíríà, ti 2023, náà ka àmì ìdánimọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì mọ́ dátà ara ẹni: bí orílẹ̀-èdè àti ìpínlẹ̀ bá tó yín lò, ẹ má tọ́jú IP.

Fún ìsọ̀ àdìrẹ yẹn, ẹ fi orile yan náírà tàbí dọ́là. Ẹ fi ipinle yan ìpínlẹ̀ sílẹ̀ nínú fọ́ọ̀mù, kí oníbàárà lè yí i padà, kí owó ẹrù má sì jáde kó tó fọwọ́ sí i. Kí ẹ tó gbé e síta, ẹ jókòó sójú kan ní Ìbàdàn, kí ẹ ṣí i pẹ̀lú SIM MTN, Airtel àti Glo lọ́kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà pẹ̀lú Wi-Fi ọ́fíìsì, kí ẹ sì kọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá sọ sílẹ̀.