Bí wàá ṣe ya òdòdó láti orí pákó bíi ti Blanche Lazzell

Obìnrin Amẹ́ríkà kan ni Blanche Lazzell, West Virginia ni wọ́n bí i sí ní 1878, àmọ́ Provincetown létí òkun Massachusetts ló ti ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ ẹ̀, òdòdó tó gbìn fúnra ẹ̀ sì wà lára àwọn tó máa ń yà. Ó máa ń gbẹ́ àwòrán sára pákó, á kùn ún, á wá tẹ̀ ẹ́ sórí pépà. Pákó kan ṣoṣo ló ń lò fún gbogbo kọ́lọ̀, ìwọ náà lè ṣe é nílé.

Wá pákó tó dán, fi pẹ́ńsù ya fáàsì àti òdòdó inú ẹ̀ sí i, má kó nǹkan jọ jù o. Orí ìlà tóo yà yẹn ni wàá fi ọ̀bẹ gbẹ́, kó rí bíi lẹ́tà V, torí ibẹ̀ ni funfun máa wà tí kọ́lọ̀ kan ò fi ní ṣàn wọnú èkejì.

Fi píìnì kan pépà mọ́ etí pákó lápá kan, kó lè máa ṣí kó máa padé bí ìwé. Ibi tó ti wá gba sùúrù nìyí: kun ewé òdòdó kan péré lórí pákó ní wọ́tákọ́lọ̀, ìyẹn kọ́lọ̀ tí wọ́n ń fi omi pò, da pépà bò ó, máa fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ̀ ẹ́ lọ tẹ̀ ẹ́ bọ̀, ṣí i wò, tí àwọ̀ ẹ̀ ò bá tíì mú, tún un kùn. Èmi kánjú níjọ́ àkọ́kọ́, omi pọ̀ nínú búrọ́ọ̀ṣì mi, ni gbogbo òdòdó bá dà bí àdìrẹ tó ṣí.

Ẹ̀n ẹ́n, tóo bá tẹ̀ ẹ́ sórí pépà, òsì á di ọ̀tún o, torí náà má kọ orúkọ ẹ sórí pákó yẹn.