Ta ni "ó" yìí? Bí mo ṣe kọ́ àwọn ọmọ JSS 2 ní àkàyé

Ọmọ náà ń kàwé bí ẹni ń da omi. Kò kọsẹ̀ níbì kankan. Ìpínrọ̀ mẹ́ta lórí ẹ̀fọn àti ibà, ó kà á tán, àwọn yòókù pàtẹ́wọ́ fún un. Mo ní, "O ṣeun. Kí ni wọ́n wá sọ níbẹ̀?" Ó wo ìwé, ó wo ojú mi, ó ní, "Mà, wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀fọn."

Yorùbá ni mo ń kọ́ wọn, ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ọmọ mẹ́tàlélógójì nínú kíláàsì kan. Bí ẹ bá ka ìtàn Ìjàpá fún wọn, ẹ̀rín ni wọ́n máa fi dáhùn ìbéèrè rẹ̀, nítorí ìtàn máa ń fa èèyàn lọ́wọ́ lọ. Àkàyé ọlọ́rọ̀ geere tó ń ṣàlàyé nǹkan kì í fa ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀, irú rẹ̀ ló kún inú ìwé sáyẹ́ǹsì, òun náà ló wà nínú páálí oògùn.

Ibi tí mo ti kọ́kọ́ ṣì í rèé. Mo kọ ìgbésẹ̀ márùn-ún gàdàgbà sórí páálí: wo àwọn àkọlé, béèrè, kà, tún un sọ, padà yẹ̀ ẹ́ wò. Kì í ṣe èmi ni mo ni ín o. Francis Robinson ló gbé e jáde ní Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1940, fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó dàgbà ju tèmi lọ. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, àwọn ọmọ ti há a sórí. Mo bá ní, "Ìgbésẹ̀ kẹta?" Gbogbo kíláàsì á ké, "Kà!" Mo wá fún wọn ní àkàyé, wọ́n tún fìdí rẹmi. Wọ́n mọ orúkọ oògùn, wọn ò mu ún. Páálí náà ni mo fi dí fèrèsé kan tí gíláàsì rẹ̀ ti fọ́, ó sì wúlò níbẹ̀.

Nígbà tí mo máa tún un bẹ̀rẹ̀, mo ní kí ẹnikẹ́ni má ṣíwèé. Mo la pátákó sí mẹ́ta: ohun tí a mọ̀, ohun tí a fẹ́ mọ̀, ohun tí a rí kọ́. Donna Ogle ló kọ̀wé lórí ọgbọ́n yìí ní 1986. Mo ní, "Kí ló ń fa ibà?" Ọwọ́ ń ga lọ́tùn-ún lósì. Oòrùn. Òróró àjẹjù. Iṣẹ́ àṣekúdórógbó. Ẹ̀fọn. Gbogbo rẹ̀ ni mo kọ sílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n wa kan ní yàrá olùkọ́ gbọ́, ó ní kí n yéé kọ irọ́ sójú pátákó. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n mi ò gbà. Ọmọ tí a ò jẹ́ kó sọ pé oòrùn ni, á ka ìwé náà tán, á sì gba oòrùn gbọ́ lọ sílé. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ti wà lójú pátákó, ẹjọ́ ara rẹ̀ ló ń wá nínú ìwé. Mo sọ fún ọmọ olóòrùn yìí pé kì í ṣe òun nìkan: inú èdè àwọn ará Ítálì ni ọ̀rọ̀ "malaria" ti wá, "afẹ́fẹ́ burúkú" ló sì túmọ̀ sí, torí ohun tí àwọn náà rò nìyẹn. Ọmọbìnrin kan wá béèrè pé ta ló kọ́kọ́ mọ̀ pé ẹ̀fọn ni. A kọ ìyẹn sí apá kejì. Àkàyé wa ò dáhùn rẹ̀, mo sì jẹ́ kí wọ́n rí i pé kò dáhùn rẹ̀. Ọjọ́ kejì ni mo tó sọ fún wọn nípa Ronald Ross, tó rí kòkòrò ibà nínú ẹ̀fọn ní Íńdíà ní 1897.

Ìpínrọ̀ tó fún wa níṣẹ́ jù rèé: "Abo ẹ̀fọn Anopheles ló ń tan ibà kálẹ̀. Ó nílò ẹ̀jẹ̀ kí ẹyin rẹ̀ tó lè gbó. Oje òdòdó ni akọ ń mu ní tirẹ̀. Bí abo bá jẹ ẹni tí ibà ń ṣe, ó lè gbé kòkòrò ibà lọ sára ẹlòmíràn."

Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí akọ kì í tan ibà kálẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn da gbólóhùn àkọ́kọ́ kọ bó ṣe rí: abo ẹ̀fọn ló ń tan ibà kálẹ̀. Wọn ò purọ́, ṣùgbọ́n ìdáhùn kọ́ nìyẹn. Mo bá jókòó sórí tábìlì, mo ń ronú síta kí wọ́n máa gbọ́ mi: "Wọ́n ní akọ ń mu oje òdòdó. Ṣé ibà máa ń ṣe òdòdó?" Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Kò ṣe é. Àbí akọ kì í jẹ èèyàn rárá ni? Ẹ jẹ́ kí n padà sókè. Hẹ̀n-ẹ́n, ẹyin ni abo ń wá ẹ̀jẹ̀ fún. Akọ ò sì ń yé ẹyin." Ẹnì kan láti ẹ̀yìn parí rẹ̀: "Kò jẹ èèyàn, ibo ló ti máa rí kòkòrò ibà gbé?" Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé aago.

"Ó" inú gbólóhùn tó kẹ́yìn wá di wàhálà. Lédè wa, "ó" lè jẹ́ ọba, ó lè jẹ́ ẹ̀fọn, ó lè jẹ́ àga. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní aláìsàn ló ń gbé kòkòrò lọ sára ẹlòmíràn. Mo fi ṣọ́ọ̀kì pupa fa ọfà láti ara "ó" lọ sára "abo". Láti ọjọ́ náà, a ò ka ìpínrọ̀ kan kọjá kí ẹnì kan má ké pé, "Ta ni 'ó' yìí?"

Mo tún pín wọn ní mẹ́rin-mẹ́rin, gẹ́gẹ́ bí Palincsar àti Brown ṣe kọ ọ́ ní 1984: ẹnì kan á sọ ohun tó ń bọ̀, ẹnì kan á béèrè, ẹnì kan á tú ohun tó díjú, ẹnì kan á kó o pọ̀. Ariwo ni. Ẹgbẹ́ méjì péré ló ṣe é dáadáa lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́.

Orí kajú ló ti wá yé wọn. Àkàyé tí mo kọ fúnra mi ni, lórí bí a ṣe ń yan kóró kajú: a sá a, a yan án, lẹ́yìn náà la tó fọ́ ọ. Àwọn "lẹ́yìn náà" àti "kí a tó" yìí ni mo fẹ́ kí wọ́n máa fà lábẹ́. Ọmọbìnrin kan tí ìyá rẹ̀ ń yan kajú tà ní ẹ̀bá títì fà wọ́n lábẹ́ tán, ó wá ní, "Mà, ìwé yìí ò pé. Wọn ò sọ pé kí wọ́n fi eérú pa ọwọ́ kí òróró èèpo rẹ̀ má bàa bó wọn lọ́wọ́." Ó ti bá òǹkọ̀wé jà, òǹkọ̀wé náà sì rèé níwájú rẹ̀. Mo fún un ní máàkì kún máàkì.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ tó kọ́kọ́ kàwé bí omi yẹn dúró síwájú ìkéde kan lára ògiri: "A ń pe gbogbo òbí sí ìpàdé lọ́jọ́ Ẹtì. Kí wọ́n mú àwọn ọmọ wọn dání. Wọ́n gbọ́dọ̀ wọ yunifọ́ọ̀mù."

"Mà," ló wí, "ta ni 'wọ́n' yìí? Ṣé àwọn bàbá wa náà máa wọ yunifọ́ọ̀mù?"

Èmi ni mo kọ ìkéde náà. Mo na bírò pupa sí i.